Ohùn Tó Wà Láàárín Oyin àti Idà

Kí àrá sán pa mí lórí àga yìí, kí ọtí tó wà lọ́wọ́ mi di iná lọ́nà ọ̀fun mi, bí ẹyọ irọ́ kan bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo fi òrìṣà ààrò ilé ìyá mi búra, òun tó ń gòkè ọ̀run lọ ròyìn ẹnu gbogbo wa lọ́dọọdún. Ṣé ẹ rí i? Àrá ò sán. Òótọ́ nìyẹn.

Nígbà ayé Ọbabìnrin ló ṣẹlẹ̀. Ẹ má pè é ní olorì o. Olorì máa ń jókòó ti ọba ni. Obìnrin yìí ni ọba fúnra rẹ̀. Aṣọ ló ń fọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọ ààfin. Ó sin ọba kan, ó sin èkejì, ó wá wo ọmọ bíbí inú rẹ̀ lórí ìtẹ́, ó ní, "Dìde níbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ̀ ọ́n jókòó." Ọmọ dìde. Ìyá jókòó. Àwọn ìjòyè tí irùngbọ̀n wọn gùn débi pé ẹṣin ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Ó gbẹ́ odò láti gúúsù dé àríwá, tí ìrẹsì fi dé ibi tí wọn ò mọ ìrẹsì rí. Ó bẹ́ orí náà o, ká má purọ́. Ọdún kan wà tó bẹ́ orí títí, àwọn tó ń ta fìlà ò rẹ́ni rà á.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni Mí. Èmi lè pè é báyìí, ó ti di erùpẹ̀. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, ẹni tó bá pe Mí kò tún ní mí mọ́. Bí ìyàwó ilé ṣe ń sá fún orúkọ ọmọ ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń sá fún orúkọ rẹ̀.

Wàhálà tó wá wà níbẹ̀ ni pé Mì là ń pe oyin nílẹ̀ wa. Ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni gbé ẹrù sọ̀: oyin nìyẹn. Ohùn òkè, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ gún nídìí: idà nìyẹn. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ò ju kéèyàn gbé àgbọ̀n sókè lọ.

Ṣé ìlú wa Qingshi tiẹ̀ mọ̀? Wọn ò mọ̀! Nígbà tí àṣẹ dé, Baba Tie, arúgbó tó ń lu agogo ìlú, ló dúró lẹ́nu bodè kéde rẹ̀.

"Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ Ọbabìnrin. Ẹni tó bá dá a, orí ẹ̀ á lọ!"

Ẹnì kan ní, "Baba Tie, kí ni orúkọ náà?"

"Ṣé orí tèmi lo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gé ni?"

"Tá ò bá mọ̀ ọ́n, báwo la ṣe fẹ́ sá fún un?"

"Ẹ máa sá fún gbogbo ọ̀rọ̀," Baba Tie ní, ó sì lu agogo rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Bí ìlú ṣe dákẹ́ nìyẹn. Àwọn tọkọtaya ń fọwọ́ bú ara wọn. Ajá tó bá fẹ́ gbó, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. Wọ́n ṣe é títí, ebi ọ̀rọ̀ pa wọ́n, wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ò kúrò lára ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ò tiẹ̀ lè dákẹ́ rárá ni Pang Laogen. Oyin ló ń tà, ẹnu ló sì fi ń tà á. Ọ̀pá oparun ló ń gbé kọ́ èjìká, ìkòkò oyin kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Tó bá dé ẹnu bodè, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìkòkò lè kanlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kanlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á bá wọn sọ̀kalẹ̀: "Mììììì!" Ohùn ọkùnrin yẹn! Kòkòrò oyin tó wà lórí òkè kejì á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n á ní, "Ẹ gbọ́, wọ́n ti tún ń tà wá o."

Qiaoyun ìyàwó rẹ̀ kì í wo oòrùn. Nínú ilé ìdáná ló ti máa ń gbọ́ igbe náà; tó bá ti gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé ọkọ òun ti dé bodè láyọ̀, á sì sọ ìkòkò ẹ̀kọ ìrẹsì kalẹ̀ kúrò lórí iná.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, òtútù mú débi pé téèyàn bá tutọ́, ó ń dún ko lórí òkúta. Ọdún òrìṣà ààrò ti sún mọ́lé, ìgbà tí gbogbo ilé máa ń ra oyin kí wọ́n fi pa á lẹ́nu, kó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ló máa rò lọ́run. Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, ó fẹ́ lọ bọ òkè mímọ́, ìlú wa ló sì máa gbà kọjá lọ́jọ́ kejì. Qiaoyun ń ro ẹ̀kọ, ó gbọ́ igbe ọkọ rẹ̀ láti bodè: "Mì..."

Igbe náà gé.

Ó dúró. Ó ń retí kó parí. Kò parí. Ẹ̀kọ hó, ó ṣàn sínú iná. Qiaoyun sá jáde láìwọ bàtà.

Ọ̀pá oparun ló bá nílẹ̀ bodè. Ìkòkò kan ti fọ́, oyin ń ṣàn lórí yìnyín. Àwọn èèyàn yí i ká, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wo ojú rẹ̀.

"Níbo lọkọ mi wà?"

Obìnrin kan fi àgbọ̀n júwe ilé ẹjọ́.

Gu Shiwei, olórí ọjà, ló mú un. Ó ti pẹ́ tí Gu ti ń fẹ́ ẹnu bodè yẹn fún àbúrò ìyàwó rẹ̀. Laogen ti sọ fún un lójú gbogbo ọjà nígbà kan pé, "Olórí ọjà, ẹ ní kí àna yín kọ́kọ́ kọ́ igbe. Ohùn ẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tó gbé egungun mì." Ọjà rẹ́rìn-ín. Gu náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rín in. Ní báyìí, ìwẹ̀fà kan, ìránṣẹ́ ààfin, ti ṣáájú Ọbabìnrin wá wo ọ̀nà, ó bá Gu mutí, ọtí pa á, ó fi ìka bọ inú ife, ó kọ orúkọ náà sórí tábìlì, ó sì yára fọwọ́ nù ún. Ohun tí Gu ń wá ló rí yẹn.

Qiaoyun dé iwájú adájọ́, ó kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ̀ṣẹ̀ wo lọkọ mi ṣẹ̀?"

"Ó sọ ọ̀rọ̀ kan."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"A ò lè sọ ọ́."

"Ẹ kọ ọ́ fún mi."

"O ò mọ̀wé."

"Ẹ kọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀wé."

"Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?" Adájọ́ nu ojú rẹ̀. "Tiẹ̀ gbọ́, obìnrin yìí. Lọ́la, tí àsíá àkọ́kọ́ bá yọ lójú ọ̀nà, Baba Tie á lu agogo. Tí agogo bá dún, wọ́n á bẹ́ ẹ, kí ọ̀nà lè mọ́ fún Kábíyèsí. Máa lọ sílé."

Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ nínú àgò tí wọ́n tì í mọ́. Laogen tó máa ń pariwo, ṣe ló káwọ́ sórí bí adìyẹ tí òjò pa.

"Baba Ahe, kí lo sọ?"

"Oyin ni. Oyin lásán ni mo..."

Qiaoyun fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ètè ọkọ rẹ̀ tutù jù ú lọ.

"Ìyá Ahe," Laogen ní láàárín ìka rẹ̀, "wọ́n ti bi mí débi pé etí mi ti dàrú. Mi ò mọ ohùn tí mo fi pè é mọ́. Àbí mo gbé e sókè ni?"

"O ò gbé e sókè rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ."

"Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́?"

Ilé Baba Tie ni Qiaoyun gbà lọ tààrà.

"Baba, ta ló lè pe orúkọ yẹn láyé tí wọn ò ní pa á?"

Arúgbó náà ń yáná lẹ́bàá ààrò. Ó ronú. "Ìyá tó bí i. Ìyẹn sì ti kú."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọbabìnrin?" Baba Tie wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tó fẹ́ bọ́ sódò. "Qiaoyun, ọmọ mi, ẹni tó bá dá àga ọba dúró lójú ọ̀nà, pàṣán ni wọ́n fi ń kí i kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àwọn kan ti kú kí wọ́n tó ráyè sọ ọ́."

"Mo gbọ́."

"Kó o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àsíá á ti yọ, màá sì ti lu agogo. Iṣẹ́ mi ni." Ó na ọwọ́ rẹ̀ síbi iná, ó yí i lọ yí i bọ̀. "Àmọ́ apá mi ti darúgbó. Agogo yẹn lè wúwo lọ́la."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Qiaoyun ti kọjá ìyànà. Ó gbé ìkòkò oyin tó kù rù, ó kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà nínú yìnyín. Àsíá yọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, àsíá yẹn pọ̀ débi pé oòrùn bẹ àwọn tó gbé e kí wọ́n yà fún òun. Ó ń tẹ́tí sí ìlú lẹ́yìn. Agogo ò tíì dún. Kò tíì dún. Ó ń gbàdúrà sí èjìká arúgbó.

Pàṣán kọ́kọ́ bà á lẹ́yìn, òmíràn tẹ̀ lé e. Ìkòkò ò mì lórí rẹ̀.

"Yà fún Kábíyèsí, Ẹlẹ́gbàárùn-ún Ọdún! Yà!" Ìwẹ̀fà tó ń nà án ni ìwẹ̀fà tó bá Gu mutí.

Àga náà dúró. Ilé ni ká pè é, ilé tí àwọn géńdé gbé léjìká. Ohùn kan ti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé jáde, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ní láti pariwo rí láyé.

"Ìkòkò wo ló dá ọ̀nà mi dúró yìí?"

"Oyin ni, Kábíyèsí," ni Qiaoyun wí, ó sì fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é, ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ẹni ń fi òkúta síbi tó yẹ. "Wọ́n fẹ́ bẹ́ ọkọ mi lórí ọ̀rọ̀ kan. Mo ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà, wọn ò lè sọ ọ́. Mi ò ní kí ẹ má bẹ́ ẹ. Mo ní kí ẹnì kan ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí, kó lè rí nǹkan sọ tí àwọn baba wa bá bi í lọ́run."

Ìgbà yẹn gan-an, nílùú, ni Baba Tie rí i pé kò sí ohun tóun tún lè ṣe, ó gbé ọwọ́ sókè. Agogo dún.

Qiaoyun bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀yìn ìkélé ní, "Ẹ sáré lọ. Kí idà yẹn dúró níbi tó bá wà." Ẹṣin kan fò jáde. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹṣin yẹn sáré débi pé òjìji rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó dé, idà ti kan irun ẹ̀yìn ọrùn Laogen. Irun díẹ̀ já. Irun yẹn ò hù mọ́ títí tó fi kú.

Bí Ọbabìnrin ṣe wọ ẹnu bodè nìyẹn, gbogbo ìlú dojú bolẹ̀. Wọ́n gbé Laogen wá, tẹ̀tù tó ń bẹ́ orí dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú idà. Wọ́n pe Gu.

"Olórí ọjà, kí lo gbọ́ lẹ́nu ọkùnrin yìí?"

"Kábíyèsí, ohun tí etí ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Sọ ọ́."

Gu la ẹnu. Ó pa á dé. Òógùn bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ nínú òtútù yẹn, kó tó kanlẹ̀ ó ti di yìnyín.

"O ò lè sọ ọ́. Ó dáa. Ẹni tó sọ ọ́ ló máa sọ ọ́. Ọlọ́yin, kígbe ọjà rẹ bó o ṣe kígbe rẹ̀ lánàá. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tó bá jẹ́ ọjà rẹ ni, wàá máa lọ sílé. Tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn, o mọ ibi tí ò ń lọ."

Laogen la ẹnu, èéfín nìkan ló jáde. Qiaoyun rí i, ẹ̀rù sì bà á ju ti pàṣán lọ, torí ó mọ̀ pé ẹni tẹ́rù ń bà, òkè ni ohùn rẹ̀ máa ń sá lọ.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀pá ẹ̀ fún un. Kì í ké tí èjìká ẹ̀ bá ṣófo."

"Gbé e fún un."

Wọ́n gbé ọ̀pá kọ́ ọ léjìká, ìkòkò oyin kan níwájú, òkúta lẹ́yìn dípò èyí tó fọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e. Ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn ti dé ẹnu rẹ̀. Tẹ̀tù, ọmọ ìyà, yí idà lọ́wọ́, oòrùn kọ mànà lára irin.

"Míííí!"

Ó gòkè. Ó gòkè já gaara, ó kọjá orí bodè, bí ọmọbìnrin kékeré tó dúró níta tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó jáde wá ṣeré.

Ẹnikẹ́ni ò mí. Qiaoyun ò mọ orúkọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n bí àwọn ìjòyè ṣe di òkúta, ó mọ̀ ọ́n. Ó feyín di ètè mú títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde.

Aṣọ ìkélé ṣí. Obìnrin àgbà kan ni. Kì í ṣe òmìrán. Ó wo ojú ọ̀run fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ nǹkan lókèèrè.

"Ẹ̀yin ìjòyè," ó ní, "kí lẹ gbọ́?"

Ta ló fẹ́ sọ ohun tó gbọ́? "Oyin, Kábíyèsí! Oyin ni! Oyin gidi!" Ìjòyè kan tó sanra tiẹ̀ lá ètè.

"Olórí ọjà, ìwọ ńkọ́?"

Gu wo ìwẹ̀fà. Ìwẹ̀fà wo Gu bí èèyàn ṣe ń wo òkú tí kò tíì mọ̀ pé òun ti kú. Tó bá sọ pé orúkọ lòun gbọ́, wọ́n á bi í pé ta ló kọ́ ọ.

"O... oyin, Kábíyèsí."

"Lánàá ńkọ́?"

Gu gbé itọ́ mì. "Oyin náà ni."

"Mo gbọ́." Ó yíjú. "Ìwọ obìnrin ìkòkò, ìwọ nìkan ni ò tíì dáhùn."

Qiaoyun lè pe oyin. Gbogbo ayé ti pè é. Ṣùgbọ́n ó rí i lójú obìnrin yẹn pé oyin tí gbogbo wọn ń pè ti sú u.

"Ẹ̀rù ni mo gbọ́, Kábíyèsí. Ẹ̀rù ló gbé ohùn ẹ̀ lọ sókè. Tí mo bá pè é lóyin, mo purọ́."

Baba Tie dijú. Tẹ̀tù gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Ọbabìnrin gbé ìka kan sókè, ẹsẹ̀ yẹn padà síbi tó ti wá.

"Kó tún un ké."

Qiaoyun ò tọrọ àyè. Ó dìde nílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó rìn lọ bá ọkọ rẹ̀, ó ti èjìká tirẹ̀ bọ abẹ́ ọ̀pá náà. "Baba Ahe, ẹ̀kọ ti jinná," ó ní, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nílé. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkòkò kanlẹ̀.

"Mììììì."

Ó sọ̀kalẹ̀ gbàà, bí ẹrù ọdún mélòó kan.

Ọbabìnrin gbọ́ ọ.

"Ti àkọ́kọ́ ló dùn jù," ó ní.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí wọ́n kú. Ó na ọwọ́, wọ́n gbé ìkòkò oyin fún un. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó wá ní, "Ẹ fi èyí pa olórí ọjà lẹ́nu bí òrìṣà ààrò, kó lè mọ ọ̀rọ̀ dídùn í rò. Ẹnu bodè di ti ọlọ́yin." Aṣọ ìkélé bò ó. Àga gbéra. Ó gbé ìyókù oyin náà lọ.

Oyin dì sí Gu lẹ́nu nínú òtútù yẹn. Ètè méjèèjì lẹ̀ pọ̀ bíi ilẹ̀kùn ilé òfìfo. Imú ni wọ́n ń gbà fi ihò koríko da ọbẹ̀ sí i nínú títí òtútù fi lọ, tí igi fi yọ òdòdó. Ìwẹ̀fà yẹn ńkọ́? Ẹ má bi mí. Ìlú kan ò rí i mọ́.

Laogen ò kígbe mọ́ láyé rẹ̀. Igi ló fi ń lu ìkòkò: kó, kó, kó. Qiaoyun á gbọ́ ọ nílé, á sọ ẹ̀kọ kalẹ̀. Ẹ wò ó, ààfin Ọbabìnrin ti jó, ẹrẹ̀ ti dí odò tó gbẹ́, ewúrẹ́ ń jẹ koríko lórí sàréè rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ sẹ́nu bodè wa láàárọ̀ ọ̀la: ọlọ́yin kan ò ní lanu. Kó, kó, kó. Wọn ò tiẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù mọ́. Òun ló ṣì ń jọba lẹ́nu wọn.

Ìkòkò tó fọ́ nílẹ̀ bodè lọ́jọ́ yẹn, àpáàdì rẹ̀ wà nílé wa. Ó ṣì ń dùn téèyàn bá lá a.

"Nílé ta ni?" Ọlọ́tí ló ń bi mí yẹn.

Nílé wa! Lẹ́bàá ibùsùn mi.

"Lẹ́bàá ibùsùn tí ìyá ẹ ní o ò tíì padà sùn sí láti àná?"

Ẹ fi èyí sílẹ̀. Mi ò tíì sọ fún yín bí ẹṣin yẹn ṣe...

"Òjìji rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, a ti gbọ́. Gbé ife yẹn sílẹ̀, má gbàgbé fìlà ẹ. Ìwọ ọmọkùnrin yìí, lọ sílé!"